Katakata Kékeré Tòkunbọ̀ Nígbà Tí Ìlú Le

Àgbẹ̀ ọ̀dọ́ kan láti ìtòsí Ìṣẹ́yìn ló kọ̀wé sí mi. Ó ní éékà 15 tó fi ń gbin ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo. Ó ti rí katakata Kubota kékeré kan, agbára ẹṣin 24, tòkunbọ̀ láti Jàpáànù. Ẹni tó ni ín fẹ́ kúrò nílùú, ó sì ti ń já owó rẹ̀ wálẹ̀. Owó ọwọ́ ọ̀dọ́kùnrin yìí kò tó, ó fẹ́ yá ìyókù ní báńkì. Èrò rẹ̀ ni pé òun á fi túlẹ̀ tòun, òun á tún máa fi ṣe háyà fún àwọn ará àdúgbò kí òun lè fi san gbèsè náà. Ó wá béèrè pé: "Ẹ̀gbọ́n, ojoojúmọ́ ni nǹkan ń wọ́n sí i. Ṣé kí n tètè rà á báyìí, àbí kí n ní sùúrù?"

Àbúrò mi, mo kí ọ kú iṣẹ́. Má yáwó ra katakata yẹn. Bó bá jẹ́ owó ara rẹ nìkan lo fẹ́ fi rà á, tó sì jẹ́ oko tìrẹ nìkan lo fẹ́ lò ó fún, ó ṣeé rò, màá sì sọ irú ilẹ̀ tó bá a mu. Àmọ́ háyà tó o ní kó máa ṣe kó fi san gbèsè ara rẹ̀ yẹn, katakata agbára ẹṣin 24 kò lè ṣe é.

Wo éékà 15 yẹn ná. Massey Ferguson 375, tó ní agbára ẹṣin 75, tó ń fa plọ́ọ̀ onídíìsì mẹ́ta, lè tú éékà márùn-ún sí mẹ́jọ lóòjọ́ bí ilẹ̀ bá mọ́ tí dẹ́rẹ́bà sì mọṣẹ́. Iṣẹ́ bí ọjọ́ mẹ́ta ni gbogbo oko rẹ jẹ́ fún un. Bó o bá fi hárò tó ń fọ́ ògúlùtu àti ríjà tó ń kọ ebè kún un, kò ní ju ọ̀sẹ̀ kan ààbọ̀ lọ. Lẹ́yìn ìyẹn, katakata á lọ dúró sábẹ́ igi, àmọ́ èlé báńkì ò ní dúró. Ẹni tó ní éékà 15 tó wá yáwó ra katakata, òwò háyà ló dá sílẹ̀, ì báà mọ̀, ì báà má mọ̀. Òwò yẹn ló yẹ ká yẹ̀ wò, ká tó wo ẹ̀rọ rárá.

Àwọn wo ló máa gbà ọ́ síṣẹ́? Àgbẹ̀ bíi tìrẹ ni. Ní 2024, owó gàrí àti àgbàdo gbówó lórí débi pé ọ̀pọ̀ èèyàn sáré wọ oko. Nígbà tó di 2025, owó irè já wálẹ̀, àwọn tó ti fi owó gọbọi ra ajílẹ̀ àti oògùn apakoríko sì wà nínú àdánù. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kì í sọ pé òun ò fẹ́ katakata. Ohun tó máa sọ ni pé, "Bá mi tú u, màá san án tí mo bá kórè." Dísù tó o máa rà lọ́wọ́ onílé epo kò sí ní "tí mo bá kórè". Lójú ọ̀pọ̀ àwọn oníháyà tí mo mọ̀ ní Òkè-Ògùn, gbèsè táwọn oníbàárà jẹ wọ́n ló pa òwò wọn, kì í ṣe ẹ́ńjìnnì tó bàjẹ́.

Èlé náà ńkọ́? CBN, báńkì àgbà ilẹ̀ wa, gbé òdiwọ̀n èlé láti ìdá 18.5 nínú ọgọ́rùn-ún ní oṣù karùn-ún ọdún 2023 dé 27.5 ní oṣù kọkànlá ọdún 2024. Wọ́n dín in kù díẹ̀ ní 2025, ṣùgbọ́n èyí tí báńkì máa ń bù fún èmi àti ìwọ ga ju ìyẹn lọ. Òwò tí iṣẹ́ rẹ̀ kì í ju oṣù mẹ́rin tàbí márùn-ún lọ láàárín ọdún kan, tí àwọn oníbàárà rẹ̀ ò sì ní owó lọ́wọ́, kò lè ru irú èlé bẹ́ẹ̀.

Ó wá ku ohun tó dùn mọ́ ọ jù, ìyẹn owó tó wálẹ̀. Ṣáájú oṣù kẹfà ọdún 2023, nǹkan bí 460 náírà ni dọ́là kan lọ́wọ́ ìjọba. Nígbà tó fi máa di ìbẹ̀rẹ̀ 2024, ó ti kọjá 1,500. Katakata tó wà ní Nàìjíríà ṣáájú ìgbà yẹn, dọ́là àtijọ́ ni wọ́n fi kó o wọlé. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí ẹni tó ń lọ fi lè gbé e fún ọ ní owó tó dà bí ọ̀fẹ́. Ṣùgbọ́n páàtì tó o máa rà sí i lọ́la, dọ́là ìsinsìnyí ni wọ́n fi ń kó o wọlé. Oníkatakata ń tà á fún ọ ní owó àná. Oníspéà máa ta tirẹ̀ fún ọ ní owó òní. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Nítorí náà, nígbà tí ìlú bá le bí èyí, iye tí wọ́n ń ta katakata kọ́ ni mo máa ń kọ́kọ́ béèrè. Mo máa ń béèrè pé: bí nǹkan bá já lára rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè, ṣé màá rí i rà kí ọjọ́ Wẹ́sìdeè tó pé?

Ibí yìí ni Kubota yẹn ti máa fà sẹ́yìn. Katakata tó dára ni o, mi ò tàbùkù rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì Kubota le, kì í sì í mu dísù púpọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ àwọn kékeré tí wọ́n ń kó wá láti Jàpáànù, oko ìrẹsì olómi ni wọ́n ṣe wọ́n fún. Wọ́n fúyẹ́, ẹsẹ̀ wọn sún mọ́ra, rotafétọ̀, ẹ̀rọ tó ń yí tó sì ń lọ ilẹ̀ kúnná, ni wọ́n sì ń fà níbẹ̀. Èyí tí wọ́n ṣe fún ọjà Jàpáànù kì í ṣe ọ̀kan náà pẹ̀lú èyí tí wọ́n ń tà ní Amẹ́ríkà, bí wọ́n tilẹ̀ jọra. Nọ́ńbà rẹ̀ yàtọ̀, èdè Jàpáànù ni wọ́n fi kọ nǹkan sára rẹ̀, o sì lè máà rí ìwé ìtọ́ni rẹ̀ lédè mìíràn. Fíltà, bẹ́líìtì àti bíárìn kì í ni ọ́ lára, torí wọ́n ní nọ́ńbà tí gbogbo ayé mọ̀. Bó bá wá kan pọ́ǹpù haidirọ́líìkì tó ń gbé plọ́ọ̀ sókè, páànù kilọ́ọ̀ṣì, gásíkẹ́ẹ̀tì orí ẹ́ńjìnnì tàbí pọ́ǹpù nọ́súlù tó ń ti dísù sínú ẹ́ńjìnnì, ó di pé kó o máa ránṣẹ́ sókè òkun. Òjò àkọ́rọ̀ ò ní dúró dè ọ́.

Massey Ferguson ló wà ní òdìkejì. Ilé iṣẹ́ wọn ní Banner Lane, ìlú Coventry nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí wọ́n ti ń ṣe 375, ti kógbá sílé láti 2002. Síbẹ̀ páàtì rẹ̀ ò tán, nítorí ilé iṣẹ́ Millat ní Lahore, lórílẹ̀-èdè Pakistan, ṣì ń ṣe irú wọn, TAFE náà sì ń ṣe Massey ní Íńdíà. Ẹ́ńjìnnì Perkins tó wà nínú wọn, àwọn mẹkáníìkì wa ti tú u tò pọ̀ títí ó fi di mímọ̀ sí ọwọ́ wọn. Bó o bá lọ sí ọjà spéà ní Agodi Gate n'Ìbàdàn, tàbí Ládípọ̀ l'Ékòó, tó o sọ pé ríìngì Massey 240 lò ń wá, wọ́n á béèrè èyí tó o fẹ́ lọ́wọ́ rẹ: ti Gẹ̀ẹ́sì, ti Pakistan, àbí ti Íńdíà. Ìbéèrè yẹn nìkan níye lórí ju ẹ̀dínwó tí ẹni tó ń lọ ṣe fún ọ lọ. (Ra èyí tó wọ́n díẹ̀ bó bá jẹ́ ohun tó wà nínú ẹ́ńjìnnì. Bó bá jẹ́ ti ìta ara, bíi fẹ́ńdà àti bọ́nẹ́ẹ̀tì, èyíkéyìí tó bá wọ̀ ọ́.)

Agbára ńkọ́? Ìṣirò tí a máa ń lò fún plọ́ọ̀ onídíìsì ni pé díìsì kọ̀ọ̀kan á gbà tó agbára ẹṣin 20 sí 25. Kubota rẹ, bó bá tiẹ̀ lè fa díìsì kan, á wúwo fún un. Kò wúwo tó fúnra rẹ̀ náà: bíi tọ́ọ̀nù kan tàbí kó má tó o, nígbà tí 375 ju tọ́ọ̀nù méjì lọ. Bí díìsì bá kọ lu gbòǹgbò nílẹ̀ Ìṣẹ́yìn, tó ṣì kún fún kùkùté àti òkúta, katakata ńlá á ta jìgì, á sì fà á kọjá. Kékeré yẹn, ẹsẹ̀ rẹ̀ á máa yí lójú kan, tàbí kí nǹkan ṣẹ́ nínú jíà. Ẹni tó sì gbà ọ́ síṣẹ́ ò fẹ́ kó o họ ilẹ̀ lórí lásán, ó fẹ́ kó o tú u jinlẹ̀.

Níbo ló wá bá a mu? Bó o bá ní ilẹ̀ àkùrọ̀ tó o fi ń gbin ẹ̀fọ́, ata àti tòmátò lẹ́ẹ̀rùn, ibẹ̀ gan-an ni ibùgbé rẹ̀. Rotafétọ̀ tó fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin á lọ ilẹ̀ yẹn kúnná. Bó o bá ní oko ọ̀pẹ tàbí ọsàn tó ti dàgbà, á máa ge koríko láàárín ìlà níbi tí 375 ò lè yí padà sí. Á gbé oúnjẹ adìyẹ, á fa ọkọ̀ omi, á fa ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fín oògùn. Ẹni tó ń ṣe irú iṣẹ́ wọ̀nyí ní gbogbo ọdún, tó sì ní owó rẹ̀ lọ́wọ́, màá sọ fún un pé kó lọ wò ó. Bí oko rẹ bá ń lọ sí ọ̀nà ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo nìkan, tó o sì fẹ́ ohun tó kéré ju 375 lọ, wá Massey 240. Agbára ẹṣin rẹ̀ súnmọ́ 50, ó ń fa díìsì méjì, ẹ́ńjìnnì Perkins onípísítìn mẹ́ta inú rẹ̀ sì jọ ti Massey 135 àtijọ́ tí àwọn bàbá wa lò, páàtì wọn bára mu púpọ̀.

Kubota tàbí Massey, bí wọ́n ṣe ń yẹ̀ ẹ́ wò ò yàtọ̀ púpọ̀, mo sì fẹ́ kó o fara balẹ̀ síbí yìí.

Kí o tó kúrò nílé, pe ẹni tó ń tà á, ní kó má tan án títí wàá fi dé. Bó o bá débẹ̀, kí ọwọ́ rẹ kọ́kọ́ kan ara ẹ́ńjìnnì. Bó bá gbóná, wọ́n ti tan án dè ọ́ nìyẹn. Sọ pé wàá padà wá lọ́la, kó o sì lọ lóòótọ́. Ẹ́ńjìnnì dísù tó ti rẹ̀, òwúrọ̀ tó bá tutù ló ń tú àṣírí rẹ̀. Bí wọ́n bá ti mú un gbóná, á jí bí ọmọ tuntun. Nígbà tó bá tutù, tú idérí rédíétọ̀, wo omi inú rẹ̀: bí òróró bá léfòó lójú rẹ̀, fura sí gásíkẹ́ẹ̀tì tàbí orí ẹ́ńjìnnì tó là. Fa gééjì ọ́ìlì jáde: bí ọ́ìlì bá funfun, omi ti wọ ibẹ̀. Ẹ̀yìn ìyẹn ni kí wọ́n tan án. Èéfín funfun tó jáde díẹ̀ tó sì lọ, kò burú. Èéfín aláwọ̀ aró tí kò dáwọ́ dúró ń sọ fún ọ pé ó ń jó ọ́ìlì. Dúdú nígbà tí kò tíì fa nǹkan kan, nọ́súlù tàbí fíltà afẹ́fẹ́ ni kó o wò. Kó tó di pé wọ́n pa á, ṣí idérí ibi tí wọ́n ń da ọ́ìlì sí: bí afẹ́fẹ́ bá ń tì jáde fùù, fùù, fùù, ríìngì inú ẹ́ńjìnnì ti jẹ.

Má ka ohun tí mítà wákàtí bá sọ sí ẹ̀rí. Ó rọrùn láti pààrọ̀ rẹ̀. Bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́yìn katakata, wo apá irin méjèèjì nísàlẹ̀ tí plọ́ọ̀ ń kọ́ sí. Ní ìparí apá kọ̀ọ̀kan, bọ́ọ̀lù irin kan wà tó ní ihò. Bí ihò náà bá rí róbótó, tí bọ́ọ̀lù rẹ̀ ò sì ṣe wọ́gọ́wọ́gọ́ bó o bá fi ọwọ́ mì ín, iṣẹ́ rẹ̀ ò tíì pọ̀. Bí ihò bá ti gùn sápá kan, tí bọ́ọ̀lù ń jó nínú ilé rẹ̀, katakata yẹn ti fa plọ́ọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ì báà jẹ́ 900 ni mítà kọ. Wo pẹ́dàlì kilọ́ọ̀ṣì náà: bí ìlà tó wà lójú irin rẹ̀ bá ti parẹ́ tó ń dán, ẹsẹ̀ dẹ́rẹ́bà ló pa á rẹ́. Kí ọ̀dà pupa tuntun tó ń dán má sì tàn ọ́ jẹ. Fi ọwọ́ tọ abẹ́ ẹ́ńjìnnì àti ibi tó ti so pọ̀ mọ́ jíà. Bí ọ̀dà bá bo òróró àti eruku pọ̀, wọ́n kàn kùn ún kó tó dé ọjà ni.

Kí wọ́n so nǹkan tó wúwo mọ́ ọn lẹ́yìn, kí wọ́n gbé e sókè, kí wọ́n sì pa ẹ́ńjìnnì. Dúró, máa wò ó. Bó bá rọra ń sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó ṣeé fara mọ́. Bó bá já wá sílẹ̀ kó o tó ka ogún, haidirọ́líìkì rẹ̀ ń fẹ́ àtúnṣe. Lára Massey tó ní kilọ́ọ̀ṣì oníṣẹ́ méjì, tẹ pẹ́dàlì dé ìdajì, katakata á dúró àmọ́ PTO, ọ̀pá ẹ̀yìn tó ń yí ẹ̀rọ tí a bá so mọ́ ọn, á ṣì máa yí. Tẹ̀ ẹ́ dé ilẹ̀, PTO náà á dúró. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, mọ̀ pé kí wọ́n tó lè débẹ̀ ṣiṣẹ́, wọ́n máa já katakata sí méjì látàárín. Mi táyà iwájú síhìn-ín sọ́hùn-ún. Wo ẹ̀gbẹ́ táyà ẹ̀yìn, bóyá ó ti là. Méjì tuntun tí nọ́ńbà wọn jẹ́ 18.4-30, bíi ti 375, lè gba owó tó máa yà ọ́ lẹ́nu, nítorí náà katakata olówó pọ́ọ́kú tí táyà rẹ̀ ti là kì í ṣe olówó pọ́ọ́kú mọ́.

Mú mẹkáníìkì tìrẹ lọ, ìwọ ni kó o san owó rẹ̀, má lo èyí tí ẹni tó ń tà á bá pè. Béèrè ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù àti rìsíìtì ẹni tó kọ́kọ́ rà á, kó o sì fi nọ́ńbà tó wà níbẹ̀ wé èyí tó wà lára katakata. Bí wọ́n bá ti fi fáìlì ha nọ́ńbà náà, má dúró dúnàádúrà. Àwọn olè máa ń jí katakata lóko lókè òkun, wọ́n ń kó o gba orí omi lọ, mi ò sì fẹ́ kí wọ́n wá bá ọ nídìí rẹ̀.

Nípa owó, òfin tí mo máa ń fún àwọn èèyàn mi ni pé iye tó o máa san fún katakata kò gbọ́dọ̀ kọjá ìdajì owó tó wà lọ́wọ́ rẹ. Plọ́ọ̀ wà nílẹ̀ tó o máa rà, àti hárò. Ọkọ̀ tó máa gbé e délé wà níbẹ̀, bátìrì, gbogbo ọ́ìlì àti fíltà tó o máa kọ́kọ́ pààrọ̀, hóòsì tó ti gbẹ, àti dẹ́rẹ́bà. Ìtúlẹ̀ ń gba nǹkan bíi lítà mẹ́fà sí mẹ́wàá dísù fún éékà kan. Bó o bá fẹ́ tú éékà 100 ní sáà àkọ́kọ́, lítà 600 sí 1,000 nìyẹn. Tó bá jẹ́ pé 1,000 náírà péré ni lítà kan, ó ti di ẹgbẹ̀rún lọ́nà 600 sí mílíọ̀nù kan náírà, kó tó di pé oníbàárà kankan san kọ́bọ̀.

Ohun tí màá ṣe ká ní èmi ni ìwọ ni pé màá wá ẹni mẹ́rin tàbí márùn-ún nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù yín, tí oko wọn ò jìnnà síra wọn, ká dáwó ra 240 tàbí 375 kan láìyá kọ́bọ̀. Ẹni márùn-ún tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ní éékà 15 sí 20 ti ní iṣẹ́ éékà 75 sí 100 fún un, kí wọ́n tó wá oníbàárà níta rárá. Ibi tí irú àjọṣe yìí ti máa ń dàrú, mo mọ̀ ọ́n dáadáa: òjò àkọ́rọ̀ ni. Gbogbo yín lẹ máa fẹ́ kó tú tiyín lọ́sẹ̀ kan náà. Ẹ ṣẹ́ gègé kí òjò tó dé, kí ẹni tó ṣe ìkẹyìn lọ́dún yìí jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ lọ́dún tó ń bọ̀, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀ kí gbogbo yín fọwọ́ sí i. Kí olóko kọ̀ọ̀kan máa san owó éékà sínú àpò àtúnṣe, ì báà jẹ́ òun náà wà lára àwọn tó ni katakata, kí àpò náà sì wà ní báńkì pẹ̀lú ìbuwọ́lù ẹni méjì. Ẹ ní ìwé kan tí dẹ́rẹ́bà á máa kọ wákàtí àti dísù sí lójoojúmọ́. Bí dẹ́rẹ́bà yín ò bá tíì gba ẹ̀kọ́, NCAM, ibùdó ìjọba àpapọ̀ fún ẹ̀rọ oko, wà ní Ìdófìàn létí Ìlọrin; ẹ lọ béèrè ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tó wà níbẹ̀. Ẹ má ṣe jẹ́ kó sun oko lóru, ì báà ṣe ọjọ́ kan. Bátìrì àti dísù ni wọ́n máa kọ́kọ́ kó.

Ní ti ìkánjú tó wà lọ́kàn rẹ, àsìkò ọdún ni kó o máa wò, má wo ìròyìn dọ́là. Láti oṣù kọkànlá títí dé oṣù kìíní, nígbà tí ilẹ̀ ti gbẹ tí katakata ò níṣẹ́, ẹni tó fẹ́ tà á ń fetí sí dúnàádúrà. Bó bá di oṣù kẹta tí ojú ọ̀run ṣú, ẹni kan náà ò ní dá ọ lóhùn. Kubota yẹn kọ́ ni yóò kẹ́yìn. Bí ìlú ṣe le yìí, àwọn tó ń tà á pọ̀ ju àwọn tó lówó tí wọ́n lè fi rà á lọ.

Bó o bá ṣì fẹ́ lọ wò ó nítorí àkùrọ̀ tàbí ọgbà ẹ̀fọ́ tó o lè máà tíì dárúkọ, má san àsansílẹ̀ kankan. Ya fọ́tò irin pẹlẹbẹ tí wọ́n kọ nọ́ńbà rẹ̀ sí, ẹ̀gbẹ́ ẹ́ńjìnnì méjèèjì, àti ihò apá irin ẹ̀yìn tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, kó o fi ránṣẹ́ sí mi. Kọ iye kùkùté tó ṣì wà nínú éékà 15 yẹn náà, má fojú díwọ̀n, rìn ín kó o kà á.